Camry mi kò sítáàtì mọ́ látìgbà tí mo ti fi àláàmù àti rédíò tuntun sí i

Akọ̀wé Mọ́níyà (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé ìjíròrò yìí. Ọkọ̀ mi ti sọ mí di ẹlẹ́sẹ̀. Camry 2008 ni, irú èyí tí a ń pè ní Muscle, injin 2.4, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún méjì ni mo ti ń lò ó, kò já mi kulẹ̀ rí. Ní Sátidé tó kọjá mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to nǹkan sára ọkọ̀ ní Ìbàdàn níbí. Wọ́n fi rédíò Android olójú gbàgàdà sí i, wọ́n sì fi àláàmù tó ní rìmóòtù méjì kún un. Mo wà á délé, orin ń lọ, inú mi ń dùn. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé, n kò gbé e jáde. Àárọ̀ yìí tí mo yí kọ́kọ́rọ́, "ta!" kan péré ni mo gbọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ṣú. Mo tún yí i, "ta!" bákan náà. Mo pe ẹni tó ṣiṣẹ́ náà, ó ní kì í ṣe ọwọ́ òun ló ti wá, kí n pe mẹkáníìkì mi. Mẹkáníìkì mi sì rèé, ó wà níbi òkú ní Ọ̀yọ́. Kí ni kí n ṣe?

Wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀

Kíkì, mọ́tò tó ń yí injin, ló kú. Lọ sí Gate, ra Belgium (àlòkù láti òkè òkun), ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Ìbejì

Wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, o tún ti dé. Ọkọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Sátidé, tí wọ́n gé wáyà rẹ̀ ní Sátidé yẹn kan náà, kíkì rẹ̀ ló wá ṣàdédé kú?

Akọ̀wé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àìsàn méjì ni wọ́n ń pè ní "kò sítáàtì". Ọ̀kan wà tí injin kì í yí rárá. Òmíràn wà tí injin ń yí wẹ̀ẹ̀n-wẹ̀ẹ̀n-wẹ̀ẹ̀n, ṣùgbọ́n tí kò gbà. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ á ra ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bèèrè. Mo ti ra fọ́ọ̀lù pọ́ọ̀ǹpù (pọ́ọ̀ǹpù epo) rí fún ọkọ̀ tí orí bátìrì rẹ̀ kàn dẹ̀, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Tiyín kò yí rárá. Ẹ gbàgbé epo, ẹ gbàgbé púlọ́ọ̀gì ná. Bátìrì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ kíkì.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò tì í o. Ọkọ̀ ọtọmátíìkì kì í jí nípa títì, òógùn lásán ni wọ́n máa là.

Rìwáyà Gate

Ọ̀rọ̀ Màmá lọ tààrà. Iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ wá mítà, kò wọ́n, kí ẹ fi pupa kan orí bátìrì tó jẹ́ pósítíìfù, kí ẹ fi dúdú kan èkejì. Bí ó bá kà tó fólítì 12.6, bátìrì kún. Bí ó bá jẹ́ 12.2, ó ti dé ìlàjì. Bí ó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 12, ẹ má tan ara yín jẹ, ebi ń pa á. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ máa wo mítà: bí ó bá já sísàlẹ̀ ju 9.6 lọ, bátìrì kò lágbára gbé kíkì.

Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n rárá, ẹ di orí bátìrì mú, kí ẹ mì í. Àwọn tó ń fi àláàmù sí ọkọ̀ fẹ́ràn láti tú nọ́ọ̀tì orí bátìrì kí wọ́n fi wáyà tiwọn há a lábẹ́, wọn kì í sì fún un le padà. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó hù sí i lórí, ẹ da omi gbígbóná sí i, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́.

Ìbéèrè kan: rédíò tuntun yẹn, tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, ṣé ó máa ń kú pátápátá?

Akọ̀wé Mọ́níyà

Àbúrò, ẹ ṣé. Mo yá mítà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fáànù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa. 10.9 ló kà! Orí bátìrì kò mì. Ní ti rédíò, ojú rẹ̀ máa ń ṣú tí mo bá yọ kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n iná àwọn bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í kú. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Rìwáyà Gate

Ẹ̀ṣọ́ kọ́ o, olè ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wáyà rédíò mẹ́ta ló ṣe kókó. Yẹ́lò máa ń gba iná tààrà láti ara bátìrì nígbà gbogbo, òun ló ń jẹ́ kí rédíò rántí aago àti ilé-iṣẹ́ rédíò tí ẹ yàn. Pupa gbọ́dọ̀ gba iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ACC (ibi tí rédíò ti ń ṣiṣẹ́ láì sítáàtì) tàbí tó kọjá ibẹ̀ nìkan, òun ló ń sọ fún rédíò pé "jí" tàbí "sùn". Dúdú ni ti bọ́dì. Ọ̀lẹ ló ń so yẹ́lò àti pupa pọ̀ sójú kan, kó má bàa wá iná ACC kiri. Rédíò ò wá ní sùn mọ́ títí ayé.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó sùn dáadáa kì í sábà jẹ ju 0.05 amp lọ. Ká ní rédíò tí kò sùn ń jẹ 0.8. Láti alẹ́ Sátidé di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bíi wákàtí 60 nìyẹn. 0.8 lọ́nà 60, ó di amp-wákàtí 48. Bátìrì amp-wákàtí 62, tí a ń pè ní 62 amps, ló wà nínú ọ̀pọ̀ Camry ní ìlú yìí. Kí ló ṣẹ́kù?

Ẹ yọ bátìrì náà, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣáàjì, kó fara balẹ̀ ṣáàjì í mọ́jú. Ẹ fa fíúsì ẹ̀yìn rédíò yọ títí tí ẹ ó fi rí ẹni tún wáyà rẹ̀ ṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Kí ló dé tí kò fi kàn gba iná lára ọkọ̀ aládùúgbò? Ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

Rìwáyà Gate

Ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bátìrì tó ti sùn sí 10.9 fún ọjọ́ púpọ̀, alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì tí injin bá ń ṣiṣẹ́, nìkan kọ́ ló yẹ kó jí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba iná, kó rántí: wáyà pupa lọ sí pósítíìfù èyí tó kú, lẹ́yìn náà pósítíìfù èyí tó yè, dúdú lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù èyí tó yè, ìdí kejì wáyà dúdú náà lọ sára irin injin ọkọ̀ tó kú, kì í ṣe sórí bátìrì rẹ̀. Ẹni tó bá fi pupa pàdé dúdú, mo ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù.

Akọ̀wé Mọ́níyà (Ọjọ́rú, 10:40 àárọ̀)

Bátìrì ti dé, 12.6 géérégé. Mo fà fíúsì rédíò yọ. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò yí! Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ti àná. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò ṣú rárá, ó mọ́lẹ̀ kedere, "tík" kékeré kan sì ń dún lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi ẹsẹ̀ mi. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́kẹ́ pa.

Wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀

Mo ní kíkì ni.

Ìyá Ìbejì

Iná kò ṣú. Kíkì tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ há, iná iwájú á rẹ̀ wálẹ̀ nítorí òun ló ń jẹ iná jù nínú ọkọ̀. Bí iná kò bá rẹ̀ rárá, a jẹ́ pé iná kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kíkì. Ẹnì kan dí ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ bírékì, kí ẹ fa gíà sí N, kí ẹ yí i níbẹ̀. Bí ó bá yí ní N tí kò yí ní P, swíìṣì gíà ni.

Akọ̀wé Mọ́níyà

Mo ti gbìyànjú N. Kò yàtọ̀.

Rìwáyà Gate

Àláàmù ni. "Tík" yẹn ni relay rẹ̀, swíìṣì tí iná ń ṣí tó sì ń pa. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe rèé: wọ́n á ṣí abẹ́ sitéríìnì, wọ́n á wá wáyà tó ń gbé iná láti ẹ̀yìn ihò kọ́kọ́rọ́ lọ sí kíkì, wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á fi relay àláàmù sáàárín. Bí àláàmù bá wà lójúfò, relay náà á ya ọ̀nà kí olè má lè sítáàtì ọkọ̀. Ìmọ̀ràn dáadáa ni, bí wọ́n bá lo wáyà tó nípọn, tí wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń bá níbẹ̀! Wáyà tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, tí wọ́n lọ́ pọ̀ lásán, tí wọ́n fi téèpù dúdú wé. Tí ooru ọkọ̀ bá pa gọ́ọ̀mù téèpù náà, ó tú.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ rìmóòtù kí àláàmù lọ sùn, ẹ wò ó bóyá yóò yí. Bí kò bá yí, ẹ pe rìwáyà tó sún mọ́ yín, kó so wáyà tí wọ́n gé padà bó ṣe wà nígbà tí Toyota tà á, kó fi lẹ́ẹ̀dì jó o, kí relay yẹn jáde kúrò lọ́nà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ máa ní kí ó yọ ohun tó ń dáàbò bo ọkọ̀ rẹ̀ dànù? Ní àdúgbò wa, ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n jí lọ́dún tó kọjá.

Rìwáyà Gate

Ìgbàkígbà ni a lè dá a padà síbẹ̀, pẹ̀lú wáyà gidi. Lónìí, à ń wá ẹni tó dí ọ̀nà. Ohun tí ẹ bá fi kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Bí a kò bá yọ ọ́, gbogbo ohun tí a bá wọ̀n, àpapọ̀ ọkọ̀ àti àláàmù ni à ń wọ̀n.

Akọ̀wé Mọ́níyà (Ọjọ́rú, 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé yìí, ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Rìwáyà kan wá láti Òjóò. Ohun tó bá lábẹ́ sitéríìnì, ó pe ìyàwó mi kó wá wò ó, torí ó ní bí òun bá sọ ọ́ lẹ́nu, a ò ní gbà. Wọ́n lọ́ wáyà méjì bí ẹni lọ́ okùn àgbò, téèpù rẹ̀ ti yọ́. Ó gé e kúrò, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó ti àtilẹ̀wá pọ̀.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Injin yí! Wẹ̀ẹ̀n-wẹ̀ẹ̀n-wẹ̀ẹ̀n, pẹ̀lú agbára. Ṣùgbọ́n kò gbà. Ìgbà mẹ́wàá ni mo yí i. Rìwáyà ní iṣẹ́ tòun ti parí níbẹ̀, epo ló kù, kí n ra pọ́ọ̀ǹpù. Ó ti rẹ̀ mí.

Wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀

Brain box, kọ̀ǹpútà injin, ni. Àláàmù ti jó o.

Oníkọ́rọ́là

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì o. Èmi ra kọ́ìlì mẹ́rin, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, mo fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ wọn lórí Corolla mi. Ọkọ̀ kàn gbọ̀n, ó wúkọ́, ó kú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kò sí ohun tó ṣe kọ́ìlì: mo ti fi ẹnu wáyà kejì bọ ẹ̀kẹta lẹ́nu. Sìlíńdà injin yẹn ń jó ní 1, 3, 4, 2, kò gbàgbàkugbà. Ṣé wọ́n fọwọ́ kan kọ́ìlì yín?

Akọ̀wé Mọ́níyà

Ẹnikẹ́ni kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ju ti bátìrì lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì, kí ẹ fetí sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Bí pọ́ọ̀ǹpù bá dáa, ẹ máa gbọ́ "hùùn" fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí ẹ kò bá gbọ́, ó ti kú.

Ìyá Ìbejì

Honda lò ń sọ, ọkọ mi. Accord "End of Discussion" tí mo lò rí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù wọn kì í ṣiṣẹ́ àfi tí injin bá ń yí. Èèyàn mélòó ló ti pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù Toyota tó yè nítorí ìdákẹ́jẹ́ yìí! Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó fi geeji wọn agbára epo nígbà tí injin ń yí, ó yẹ kó wà láàárín 44 sí 50 psi. Kó sì wo fíúsì EFI, ti ètò tó ń fún injin lépo, nínú àpótí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí rìwáyà tó bá fi tẹ́sítà kan ibi tí kò yẹ lè ti jó o.

Akọ̀wé Mọ́níyà

Fíúsì EFI dáa, mo yọ ọ́ wò.

Bọ̀dá Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀. Akọ̀wé, àbúrò mi, ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Iná pupa kékeré ti sẹkúríti lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó máa ń ṣẹ́jú tí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Tí o bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, tí o yí i sí ON, ṣé ó ń kú, àbí ó ṣì ń ṣẹ́jú?

Akọ̀wé Mọ́níyà

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì ń ṣẹ́jú. Mo rò pé ti àláàmù tuntun ni.

Bọ̀dá Peckham

Rárá o, ti Toyota fúnra rẹ̀ ni. Ó ń sọ fún ọ pé òun kò mọ kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Nínú orí kọ́kọ́rọ́ rẹ, chip kékeré kan wà, kò tó ẹ̀wà kan. Kò ní bátìrì. Òrùka kan wà yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká, òun ló ń fún un níná láti ìta tó sì ń gbọ́ èsì rẹ̀. Bí èsì bá tọ̀nà, iná pupa á kú, injin á gbà. Bí kò bá tọ̀nà, kíkì á máa yí injin, ṣùgbọ́n brain box kò ní í jẹ́ kó gbà. Ó jọ epo, ó jọ púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe ìkankan. Ní Britain níbí, òfin ti sọ láti oṣù kẹwàá 1998 pé kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà láìní irú rẹ̀. Amẹ́ríkà kò fi òfin dè é, ìdí nìyẹn tí tòkunbọ̀ kan fi ní in tí èkejì rẹ̀ kò ní.

Nígbà mìíràn, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mìíràn tó ní chip lórí òrùka kan náà lè da ọ̀rọ̀ rú. Ṣé kọ́kọ́rọ́ kan wà mọ́ tìẹ? Àbí o ṣe nǹkan kan sí kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?

Akọ̀wé Mọ́níyà

Ẹ̀gbọ́n... kí ló sọ fún yín?

Ẹni tó fi àláàmù sí i fún mi ní ilé kọ́kọ́rọ́ tuntun ní jàárá, irú èyí tó ń ṣẹ́ wọlé bí ọ̀bẹ. Orí ti àtijọ́ ti là, irin rẹ̀ ti ń yọ. Ọjọ́ Àìkú ni mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ agékọ́kọ́rọ́, ó gé irin tuntun, ó kó pátákó inú ti àtijọ́ sínú tuntun. Bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn! Ìyẹn ni n kò fi ronú kàn án. Lójú mi, kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe pátì mọ́tò.

Rìwáyà Gate

Háà. Pátákó ni ti bọ́tìnnì, òun ló ní bátìrì. Chip wà lọ́tọ̀, wọ́n rì í mọ́ inú rọ́bà orí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́. Agékọ́kọ́rọ́ tí kò bá mọ̀ á fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Bọ̀dá Peckham

Níbo ni orí àtijọ́ náà wà? Má sọ fún mi pé o ti jù ú nù.

Akọ̀wé Mọ́níyà

Ọmọ mi kékeré ló ń fi ṣeré. Ọkọ̀ pákó kan wà tí bàbá mi ṣe fún un, òun ló fi ń sítáàtì í. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó.

Bọ̀dá Peckham

Kó o tó ṣe ohunkóhun: ki kọ́kọ́rọ́ tuntun bọ ihò, mú orí àtijọ́ yẹn, fi kan ẹ̀gbẹ́ òrùka ihò náà gan-an, kí o yí i.

Ìyá Ìbejì

Gbogbo wa ń dúró o.

Akọ̀wé Mọ́níyà (Ọjọ́rú, 7:55 alẹ́)

Ó GBÀ! Ní yíyí kan ṣoṣo! Iná pupa kú, injin dún, ìyàwó mi pariwo títí aládùúgbò fi jáde. Ọmọ náà kọ́kọ́ ní òun kò ní í fún mi, abẹ́ ìrọ̀rí ló fi pamọ́ sí. Bísíkíìtì méjì ni mo fi rà á padà.

Wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀

Mo yọ̀ fún ẹ, bọ̀dá mi. Kíkì rẹ ṣì ń dún bí ẹni tó rẹ̀ ṣá.

Rìwáyà Gate

Ẹ má fi ọ̀bẹ ya rọ́bà náà nílé o. Chip yẹn ẹlẹgẹ́ ni, bó bá fọ́, ó di pé kí ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ láti kọ́ ọkọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tuntun. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kì í ṣe tàgádágodo. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti ní kó bá yín ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì tó ní chip tirẹ̀, nísinsìnyí tí èyí ṣì ń ṣiṣẹ́. Tòkunbọ̀ púpọ̀ máa ń wá pẹ̀lú ẹyọ kan. Bí ẹyọ kan náà bá sọnù, ìnáwó rẹ̀ á ju ti gbogbo ohun tí a ti sọ níhìn-ín lọ. Rédíò ńkọ́?

Akọ̀wé Mọ́níyà (ọjọ́ Ẹtì, 8:05 àárọ̀)

Rìwáyà Òjóò ti padà wá. Ó já wáyà pupa kúrò lára yẹ́lò, ó so ó mọ́ ACC. Iná bọ́tìnnì rẹ̀ ń kú báyìí. Mo wọn bátìrì lálẹ́ àná, 12.6, mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí, 12.6. Agékọ́kọ́rọ́ kan ní Mọ́kọ́lá ti yọ chip náà láìfọ́, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilé tuntun, ti kejì á jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àláàmù kò tíì padà síbẹ̀, mo ṣì ń rò ó.

Ọmọ mi ti gba orí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Ó ní ọkọ̀ pákó òun kò sítáàtì mọ́, kí ni mo yọ níbẹ̀.